Kí àgbà tó gbà láti padà wá sí Jos

Nọ́ọ̀sì ni mí. Jos ni wọ́n bí mi sí, Ogbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fi mí sínú ìgbìmọ̀ kékeré kan tó ń bá àwọn àgbà wa tó ti kúrò ní Jos sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè padà wá. Àwọn èèyàn wa ní Kánò àti Kàdúná ti ń bi mí léèrè bí a ṣe ń ṣe é, torí ohun tó ṣe wá náà ló ṣe wọ́n. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, mi ò ní fi iyọ̀ sí i.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: iṣẹ́ kùsà ló sọ Jos di ìlú ńlá. Ojú irin láti Kafanchan dé ibẹ̀ ní 1927, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin sì ń bá a wá láti ṣòwò. Ojú irin kò gba Ogbómọ̀ṣọ́ kọjá, torí náà Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin ni àwọn èèyàn wa ti máa ń wọ rélùwéè, ó di Jẹ́bà, ó di Minna, ó di Kàdúná, kí wọ́n tó yà sí Kafanchan. Ibi tí rélùwéè parí sí là ń pè ní Terminus títí dòní. Ìtòsí ibẹ̀ ni ọjà ńlá wà, inú ọjà yẹn ni ìyá mi ti ta aṣọ títí a fi dàgbà.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Jos láàárín Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Oṣù Kejì 2002, iná jó ọjà ńlá. Ìjà tún dé ní 2008, ó tún dé ní 2010. Ní oṣù Karùn-ún 2014, bọ́ǹbù dún ní Terminus, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fara da èkíní kò lè fara da èkejì. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ́lé, tí wọ́n dá ìjọ sílẹ̀, tí wọ́n kọ́ mọ́sálááṣí, ta ilé ní ẹ̀dínwó tàbí kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé lọ́wọ́, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìbàdàn, Èkó. Àwa ọmọ ló ṣẹ́kù.

Ohun tí àìsí wọn ṣe fún wa kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹjọ́. Ìdílé méjì ń bára wọn jà ní Tudun Wada lórí ògiri tó wà láàárín ilé wọn. Ọ̀kan ní èkejì ti wọ ilẹ̀ òun. Àwọn ọmọ tó jogún ilé ló ń jà, kò sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn bàbá wọn fẹnu kò sí. Wọ́n ti ń wá lọ́yà. Ẹnìkan ló wá rántí pé bàbá kan wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé méjèèjì. A pè é lórí fóònù. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Wọ́n gé igi máńgòrò kan níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ẹ máa rí gbòǹgbò rẹ̀. Òun ni ààlà.” Wọ́n gbẹ́ ẹ. Gbòǹgbò náà ti jẹrà, ikán ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí lọ́jọ́ náà. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó mọ irú nǹkan báyìí kò yẹ kó máa jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bi í léèrè ohunkóhun.

Torí bó ṣe rí níbi tó wà nìyẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òwe yìí ni àwọn ará ilé máa ń fi dá wa lóhùn tí a bá dé Ogbómọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo ogójì ọdún ní Jos, tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tó sin ìyàwó síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé àjò nìkan ló wà. Nínú agbo ilé tó padà sí, “Bàbá Jos” ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ ọmọdé kú tán tàbí kí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ooru ń mú un. Ó ń rán àwọn tó ń lọ sí òkè ní ácà, ọkà wẹ́wẹ́ ti ilẹ̀ Jos, àti ọ̀dùnkún Áíríìṣì bí ẹni tó wà nílùú òyìnbó tó ń rán wọn ní gàrí. Mo bá àwọn bàbá pàdé tó jẹ́ pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wọn kì í sọ ju “ẹ káàárọ̀, ẹ kú ilé” lọ. Èmi tí mo ti tọ́jú aláìsàn láti ìgbà èwe mi, mo mọ ohun tí ìyẹn máa ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn fẹ́ràn láti fi àpèjẹ pe àgbà. Wọ́n á ran aṣọ ẹgbẹ́jọdá, wọ́n á pe olórin, oṣù Kejìlá ni wọ́n sì máa ń mú torí ọmọ wà nílé. Àgbà á wá, wọ́n á jókòó lórí àga gíga, wọ́n á jẹ, wọ́n á padà lọ ní ọjọ́ kejì. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi oṣù Kejìlá sílẹ̀ pátápátá. Jos ga ju 1,200 mítà lọ sókè ojú òkun. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ará Ogbómọ̀ṣọ́ mọ̀, orúnkún àgbà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá padà dé nínú òtútù yẹn, tí kò rí oorun sùn, á sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Jos ti pa òun. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ló dára, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò tíì le, tàbí oṣù Kẹwàá.

Ohun tó ń mú àgbà padà ni àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Télọ̀, tí kò kúrò ní Jos láti ọjọ́ tó ti dé. Òun ló ń pè wọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ra káàdì fóònù fún un, kí n sì wá nọ́ńbà. Mo máa ń jókòó tì í nígbà tó bá ń pè. Kì í sọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ rárá níbẹ̀rẹ̀. Á ní, “Ṣé ìwọ náà ṣì wà?” Ẹni ọ̀hún á ní, “Mo wà o. Ta ló kù níbẹ̀?” Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, òpópónà sí òpópónà, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù: èyí wà, èyí ti lọ, èyí wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àbújá, ojú ti ń dun èyí. Ó lè gba wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Télọ̀ á wá ní, “Èmi nìkan ni mo ń jókòó sí iwájú ilé lálẹ́ o. Wá ká jọ jókòó.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú lẹ́tà kankan tí ìgbìmọ̀ wa kọ, kò sì sí lẹ́tà tó ṣiṣẹ́ tó o.

A kì í sọ fún wọn pé kí wọ́n kó wá. Ẹni tó ti fi ìlú kan sílẹ̀ rí nínú ẹ̀rù kì í fẹ́ ti ìlẹ̀kùn kankan mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni sáà kan, pé kí wọ́n wá lo oṣù bíi mẹ́ta, kí yàrá wọn ní Ogbómọ̀ṣọ́ wà bó ṣe wà. Àwọn tó bá fẹ́ kún un á kún un. Àwọn mìíràn ti ń pín ọdún sí méjì báyìí, wọ́n á sá fún ooru wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n á sá fún ọyẹ́ lọ sílé.

Bàbá kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ghana ni wọ́n bí i sí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Tamale, wọ́n dé Ogbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn. Ó wá sí Jos, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó di oníṣọ́ọ̀bù nínú ọjà ńlá. Ìjà 2001 lé e kúrò nílé, iná 2002 jó ọjà tó kù. Mo jókòó tì í ní Ogbómọ̀ṣọ́, mo ní kó wá wò wá. Ó wò mí lójú, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sá láyé mi. Ṣé o fẹ́ kí n sá nígbà kẹta pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́?”

Kí ni èèyàn á sọ? Mi ò sọ fún un pé kò séwu. Mo sọ pé ara ìlú ti balẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tó kúrò lọ, ṣùgbọ́n pé Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí kò tíì máa gbé pọ̀ ládùúgbò kan bíi ti tẹ́lẹ̀, pé ìkọlù ṣì ń ṣẹlẹ̀ láwọn abúlé ìhà Bokkos, Barkin Ladi àti Bassa. Mo sọ ojú ọ̀nà tí a kì í gbà lálẹ́. Mo sọ ẹni tó máa pè tí nǹkan bá ń rùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò purọ́ fún òun. Kò tíì wá. Mi ò ní rọ̀ ọ́ mọ́, torí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnu lè sọ̀ kalẹ̀. Òun àti Bàbá Télọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì gbà pé ìyẹn náà tó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má ṣe fi adùn ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ ààbò mọ́lẹ̀. Àgbà kan ṣoṣo tí a bá tàn wá, gbogbo àwọn tó kù á gbọ́.

Tí ọ̀rọ̀ ààbò bá ti kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló kàn. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Kánádà, tó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, òun ló ní àṣẹ ju bàbá lọ nígbà mìíràn. Ohun tó rántí nípa Jos ni èéfín àti ariwo ọjọ́ tí wọ́n gbé e sá. Á bínú: “Kí ni màmá mi fẹ́ lọ ṣe níbi tí wọ́n ti lé wa?” A kì í bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jiyàn. Mo máa ń pè é lórí WhatsApp kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí géètì, yàrá, balùwẹ̀, ojú ọ̀nà tó wọ ilé, àti ẹni tó máa sùn nínú yàrá kejì. Balùwẹ̀ ni wọ́n máa ń wò jù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n jàre, torí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, àgbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ tó fi ṣẹ́ egungun ìgbáròkó pọ̀ ju èyí tí mọ́tò gbá lọ.

Ní ti ìwòsàn, mo máa ń gba orúkọ oògùn tí àgbà ń lò kó tó gbéra, pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì ọsibítù rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, JUTH, ti wà ní Lamingo báyìí, ó jìn sí àárín ìlú díẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Bingham, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Jankwano, sún mọ́ ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n máa ń dé sí. Ká ti mọ èyí tí wọ́n máa lò kí àìsàn tó dé. Omi gbígbóná láàárọ̀, ìbọ̀sẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, yàrá ìsàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé tiwọn gan-an ló máa ń le. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, ìwé C of O, ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, tí àwọn bàbá wa gbà sì ní iye ọdún tó gbé, 99 ni ó sábà máa ń jẹ́, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa san lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ wọn kò san án láti ọjọ́ tí wọ́n ti sá. Ẹ̀rù gbèsè yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n yọjú, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa tó mọ̀ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n ló máa ń lọ bá wa wo fáìlì. Kí àgbà tó dé, ká ti mọ iye tó jẹ, ká sì ti mọ bí ó ṣe lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ayálégbé tó ti wà nínú ilé láti ogún ọdún, a kì í lé e jáde. Ẹ̀bẹ̀ ni, pé kó yọ̀ǹda yàrá ìsàlẹ̀ kan fún onílé, kí a sì yọ iye rẹ̀ nínú owó ilé tó jẹ. Wọ́n máa ń gbà. Àwọn kan tilẹ̀ ti di ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún Bàbá.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè wọn, tí ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ni ikú. Mama kan tó ti ń ta aṣọ rí ló là á mọ́lẹ̀. Mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, nípa yàrá, nípa oògùn, nípa ojú ọjọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, “Ó dáa. Tí mo bá kú síbẹ̀ ńkọ́?”

Ọkọ rẹ̀ wà ní ibojì Ogbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ sùn sí. Ó mọ̀ pé ọ̀nà jìn, pé owó ọkọ̀ òkú pọ̀, pé àwọn ọmọ lè máa bára wọn jà lórí ẹni tó máa san án, kí òun sì wà ní mọ́ṣúárì fún oṣù mélòó kan. Ìtìjú ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ìbéèrè àwọn Mùsùlùmí yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn kì í fi òkú pamọ́, torí náà wọn kì í béèrè ọkọ̀. Wọ́n ń béèrè ẹni tó máa wẹ̀ wọ́n, ẹni tó máa dúró níwájú kírun sí wọn lára bí ọmọ kò bá tètè dé, àti bóyá ibi tí wọ́n máa sin wọ́n sí jẹ́ ibi tí ọmọ wọn lè dé láìsí ìbẹ̀rù.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ kò fẹ́ kí a máa dárúkọ ikú létí àgbà. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí a ń pè é wá. Mo kọ̀. Àgbà kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà tó bí àwọn ọmọ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. A jókòó, a kọ ìwé kan, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó sọ pé bí ọlọ́jọ́ bá dé nígbà tí àgbà wà lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ ló máa gbé e dé ilé láàárín ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí, kò ní dúró de ọmọ kí ó tó wá owó. Ó dárúkọ ẹni tó máa bá ọkọ̀ lọ. Ti Mùsùlùmí dárúkọ àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n àti ibi ìsìnkú. Àgbà á fọwọ́ sí i, ọmọ kan á fọwọ́ sí i, alága ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i. A bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó rẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ kàn án fún àpèjẹ. Ọjọ́ tí mo kà á sí Mama létí, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó wọlé lọ gbé àpótí òun jáde.

Ó wá lo sáà kan lọ́dọ̀ wa, ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni ọlọ́jọ́ dé, nínú oorun, láìsí wàhálà. Ọkọ̀ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Èmi àti obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ la bá a lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní ọjọ́ tó fọwọ́ sí. Mo rò pé ẹ̀rù á ba àwọn tó kù, pé wọ́n á ní Jos ló pa á. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Níbi ìsìnkú gan-an ni àwọn àgbà ti ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń ní kí n kọ orúkọ àwọn náà sílẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ìrìn àjò wọn, a kì í jẹ́ kó ju ọ̀sán lọ. Láti Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sùn ní Àbújá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa, wọ́n á sì gbéra láàárọ̀, ó di Keffi, ó di Akwanga. Níbi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè Hawan Kibo ni mo ti máa ń wo ojú wọn. Mama aláṣọ yẹn, nígbà tó kọ́kọ́ padà wá, ní kí dírẹ́bà yí gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀. Ó na ọwọ́ síta, ó ní, “Ẹ gbọ́ òtútù.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ibi tí a ń kọjá kí a tó dé ibẹ̀, títí dé àwọn òkúta Riyom tí wọ́n tò lé ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní dandan ni kí a gbé òun lọ sí ọjà Farin Gada. Ó na ọ̀pá sí òkìtì Áíríìṣì kan, ó béèrè iye rẹ̀ ní Hausa, wọ́n dá a lóhùn, ó ní wọ́n ń yan òun jẹ. Ó yọ èyí tó ti jẹrà díẹ̀ sọ́tọ̀, ó tẹ àwọn ìyókù pẹ̀lú àtàǹpàkò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin Hausa kan tó ń ta kárọ́ọ̀tì nítòsí gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dìde, ó ń wò ó, ó pariwo: “Ashe kina da rai!” Ó ní, ṣé o ṣì wà láàyè! Wọ́n jọ wà ní ìlà kan nínú ọjà ńlá kó tó jóná. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú láàárín ọjà, wọ́n ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ ara wọn ní orúkọ. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, mo sì rí i pé kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ni àìsí àwọn àgbà yìí ti dùn.

Tí wọ́n bá dé, kí wọ́n rí nǹkan ṣe. Mi ò fẹ́ràn kí a máa fi àgbà ṣe ọ̀ṣọ́ orí àga. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, torí ọmọ wa pọ̀ tó jẹ́ pé bí o bá kí i ní Yorùbá, Hausa ni á fi dá ọ lóhùn. Ó kọ́kọ́ fi oríkì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ béèrè tirẹ̀ nílé, èyí tí òbí kò mọ̀ ni wọ́n máa ń wá bi àwọn àgbà. Bàbá mìíràn kò fẹ́ oyè, kò fẹ́ ìpàdé. Ó ní kí a wá ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti bàjẹ́ fún òun. Ó ń tún un ṣe ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń kọ́ ọmọbìnrin ayálégbé rẹ̀ níṣẹ́, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ẹni tí a fi ṣe baba ìsàlẹ̀ lọ. Ẹjọ́ ààlà àti ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó, ọ̀dọ̀ wọn ni a ń gbé e lọ báyìí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kóòtù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó ń dun àwọn àgbà, tí agbára ìgbìmọ̀ wa kò ká. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ dé Jos kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, tí wọ́n bí òun àti ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, bí ọmọ náà bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n á ní kó lọ gba ìwé, níbi tí kò gbé rí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi kúrò nígbà náà, kì í ṣe ìjà nìkan. Bàbá tíṣà sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé ìlú gba owó orí òun, ó gba ọmọ òun sí ṣọ́jà, ṣùgbọ́n kò fún ọmọ náà ní ìwé. Mo bá a kẹ́dùn. Ìṣòro yẹn ju Jos lọ, ó wà káàkiri Nàìjíríà, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin wá nǹkan ṣe sí i. Àwa kò lè dúró dè é, torí àwọn tí a ń pè kò ní ọdún púpọ̀ tí wọ́n lè fi dúró.

Bàbá Télọ̀ ti fún mi ní orúkọ àwọn tó kù ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn ní tí òun bá rí yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn, tí balùwẹ̀ rẹ̀ ní irin tí èèyàn lè dì mú, òun á wá lóṣù Kẹwàá. A ti rí yàrá náà ní Tudun Wada. Irin balùwẹ̀ ni wẹ́dà ń jó lọ́wọ́ báyìí.